Ẹ̀bùn Néon Yẹn: Ẹ Jẹ́ Ká Dúpẹ́, Ká Má Gbà Á

 

Gbogbo ẹni tó wá sí ìpàdé oṣù tó kọjá ló rántí ariwo tó sọ lórí lẹ́tà kan. Ọmọ wa kan tó wà ní ilẹ̀ Faransé ló kọ ọ́. Ó ní ilé iṣẹ́ tí òun ti ń ṣiṣẹ́ ń tú gbogbo néon tó wà lára àjà wọn, wọ́n fẹ́ fi LED rọ́pò rẹ̀. Ó ní òun lè kó 200 néon tó ṣì ń tàn, pẹ̀lú 60 réglette, ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Ohun tí a máa san kò ju owó transit ní ebúté Lomé àti owó ọkọ̀ tí yóò gbé ẹrù náà dé Agoè. Akápò ti ṣe ìṣirò rẹ̀, ó jẹ́ 90,000 fráǹkì.

Inú àwọn kan dùn gan-an. Wọ́n ní gbọ̀ngàn wa yóò mọ́lẹ̀ rekete, èyí tó bá ṣẹ́kù a ó pín in fún mọ́ṣáláṣí, ṣọ́ọ̀ṣì àti ìsọ̀ àwọn ìyá wa ní ọjà Assiyéyé. Àwọn mìíràn ń kùn sínú. Baba kan tí gbogbo wa bọ̀wọ̀ fún dìde, wọ́n ní: "Ẹni tí wọ́n fún ní nǹkan tó ní òun ò gbà, ṣé òun fúnra rẹ̀ ti ní tó?" Ilé rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n a ò rí ìpinnu kankan ṣe. Ó di ìpàdé tó ń bọ̀.

Kí ìpàdé yẹn tó dé, àwa tí a ń ṣe ìwé ìròyìn yìí fẹ́ sọ tiwa síta gbangba, kó má jẹ́ pé ẹ̀yìn la ti ń sọ ọ́. Èrò wa nìyí: kí ẹgbẹ́ kọ lẹ́tà ìdúpẹ́ tó dùn sí ọmọ wa, kí a má gba néon náà, kí a fi 90,000 yẹn ra ojúlówó LED fún gbọ̀ngàn wa.

Ẹ má ṣe rò pé a fẹ́ bú ọmọ náà. Kò ṣẹ̀ wá. Ẹni tó wà lókè òkun tó ṣì rántí àjà gbọ̀ngàn Agoè, ọmọ gidi ni. Ọwọ́ ẹni tó ń fúnni ló ń wà lókè, a ò sì ní já ọwọ́ rẹ̀ wálẹ̀. Ṣùgbọ́n ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ẹ jẹ́ ká wo ilé tiwa.

Ohun tí néon ń jẹ

Ká bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí owó ti ń jáde lápò wa. Néon gígùn tó wà ní gbọ̀ngàn, èyí tí wọ́n ń pè ní 1m20, 36 wáàtì ni wọ́n kọ sí i lára. Ṣùgbọ́n òun nìkan kọ́ ló ń jẹ iná. Inú réglette ni ballast wà, irin wúwo tí wọ́n fi wáyà wé, èyí tí ẹ máa ń gbọ́ tó ń kùn bí oyin nígbà tí ilé bá dákẹ́. Ballast yẹn náà ń jẹ tirẹ̀, bíi 9 wáàtì, ooru lásán ló sì ń fi í ṣe. Àpapọ̀ rẹ̀ á máa lọ sí 45 wáàtì lórí néon kan. LED tó gùn bákan náà, tó ń rọ́pò rẹ̀, 18 wáàtì péré ló ń jẹ.

Kí ló fa ìyàtọ̀ yìí? Néon, ìgò ni, tí wọ́n fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde, tí wọ́n wá fi gáàsì díẹ̀ àti mẹ́kúrì bíńtín sí i. Mẹ́kúrì ni irin tó máa ń ṣàn bí omi. Bí iná bá gba inú ìgò náà kọjá, mẹ́kúrì yẹn á mú ìmọ́lẹ̀ kan jáde tí ojú ènìyàn ò lè rí. Ìyẹ̀fun funfun tí wọ́n fi kun inú ìgò ló ń sọ ọ́ di èyí tí à ń rí. Ọ̀nà náà jìn, agbára sì ń ṣòfò lójú ọ̀nà. LED ò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn hóró kéékèèké ni, tí wọ́n tò sórí pátákó tẹ́ẹ́rẹ́. Iná gba inú hóró, hóró tàn. Kò sí mẹ́kúrì, kò sí starter, kò sí ballast tó ń kùn.

Ká má parọ́: bí ẹ bá fi ẹ̀rọ wọn gbogbo ìmọ́lẹ̀ tó ń jáde lára méjèèjì, néon tó jẹ́ tuntun lè ju LED 18 wáàtì lọ. Ṣùgbọ́n néon ń tàn yí ara rẹ̀ ká ni. Èyí tó lọ sókè nínú ìmọ́lẹ̀ rẹ̀, àjà àti réglette eléruku wa ló ń gbé e mì. LED kọjú sísàlẹ̀, sórí tábìlì àti ìwé ọmọ. Néon tún máa ń rẹ̀ bó bá ṣe ń dàgbà. Ẹ wo etí rẹ̀ méjèèjì bó ṣe ń dúdú. Àwọn 200 tí wọ́n fẹ́ fi ránṣẹ́ yìí sì ti lo ìgbà wọn níbòmíràn kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ wa.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká ṣírò. Réglette 16 ló wà ní gbọ̀ngàn. Ká sọ pé gbogbo rẹ̀ ń tàn fún wákàtí 5 lálẹ́, ní alẹ́ 25 lóṣù, fún kíláàsì Yorùbá àwọn ọmọ, fún ìpàdé àti fún òde tí a ń yá gbọ̀ngàn fún. Ìyẹn wákàtí 125. Néon 16 á jẹ 90 kílówáàtì lóṣù. LED 16 á jẹ 36. Ìyàtọ̀ rẹ̀ jẹ́ 54. Iye tí a ń san lórí kílówáàtì kan kò dọ́gba fún gbogbo oníbàárà, nítorí náà ká ṣáà fi 100 fráǹkì ṣe é kó lè rọrùn. Ó di 5,400 fráǹkì lóṣù, 64,800 lọ́dún. Ẹni tó bá ní àwa ń sọ àsọdùn, kó mú tíkẹ́ẹ̀tì Cash Power tirẹ̀ jáde, kó fi iye tó ń san gan-an rọ́pò 100 yẹn, kó tún un ṣírò.

Ní ibi tí a ti bèèrè owó LED tó dáa, 3,500 fráǹkì ni wọ́n pè é fún wa. Ti 16 jẹ́ 56,000. Oníṣẹ́ iná gbà láti ṣe réglette kọ̀ọ̀kan ní 1,000, ìyẹn 16,000. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 72,000. Ẹ gbọ́ ná: 90,000 tí a fẹ́ fi gba nǹkan ọ̀fẹ́ ní ebúté yóò ra nǹkan tuntun fún wa, yóò san owó iṣẹ́, 18,000 á tún ṣẹ́kù sọ́wọ́ akápò. Kí oṣù 14 tó pé, owó iná tí a ò san mọ́ ti dá 72,000 yẹn padà. Ọ̀fẹ́ tó ń gba 90,000 lónìí, tó tún ń gba 5,400 lóṣooṣù, ọ̀fẹ́ wo nìyẹn?

Ọ̀rọ̀ náà ju àpò ẹgbẹ́ nìkan lọ. Apá ńlá nínú iná tí à ń lò ní Tógò, ọwọ́ Nàìjíríà àti Gánà la ti ń rà á. Ìdídò Nangbéto tó wà lórí odò Mono, èyí tí àwa àti Bẹ̀nẹ̀ jọ ń lò láti 1987, 65 mẹ́gáwáàtì ni gbogbo agbára rẹ̀. Èyí tó ń lo oòrùn ní Blitta bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 50 ní 2021. Ṣùgbọ́n aago méje alẹ́ ni gbogbo ilé ń tan iná lẹ́ẹ̀kan náà, oòrùn sì ti wọ̀ nígbà yẹn. Ohun tí a bá dínkù nínú iná alẹ́ ló ń dín wàhálà kù jù. Gánà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ní 2007, nígbà tí omi Akosombo lọ sílẹ̀ tí iná di ọ̀wọ́n, ìjọba wọn pín mílíọ̀nù mẹ́fà gílóòbù économique lọ́fẹ̀ẹ́ láti fi rọ́pò gílóòbù àtijọ́ onírun wáyà. Ohun tí wọ́n rí gbà padà lálẹ́ ju 100 mẹ́gáwáàtì lọ, ìyẹn ju gbogbo agbára Nangbéto.

Ẹ ò sì ní gbàgbé pé gílóòbù économique yẹn, ọmọ ìyá néon ni. Ìgò kan náà, mẹ́kúrì kan náà, wọ́n kàn ká a kúrú ni. Nítorí náà a ò pe néon ní ọ̀tá. Ó ṣiṣẹ́ nígbà tirẹ̀, ó sì ṣe é dáadáa. Ìgbà rẹ̀ ló ti kọjá.

Nígbà tí iná bá rẹlẹ̀

Ẹni tó ń gbé Agoè mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ bí ilẹ̀ bá ṣú. Iná ò lọ, ṣùgbọ́n ó rẹlẹ̀. Fáànù ń yí bí ẹni tó ń tòògbé. Ìgbà yẹn gan-an ni néon onístarter máa ń ṣe wàhálà. Á ṣẹ́jú, á pa, á tún ṣẹ́jú, bẹ́ẹ̀ ni starter á máa dún ta, ta, ta títí ọmọ á fi pa ìwé dé. Ìṣẹ́jú yẹn náà ló ń yára pa néon. LED tí wọ́n ṣe dáadáa, wọ́n máa ń kọ ọ́ sí páálí rẹ̀ pé ó lè ṣiṣẹ́ láti bíi 100 fóòtì dé 240. Bí iná rẹlẹ̀ bí ò rẹlẹ̀, ó tàn.

Ẹ̀yin aránṣọ wa, ẹ fetí sílẹ̀ síbí. Néon tó ń lo ballast onírin ń kọ mànà ní ìgbà 100 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ojú ò rí i, ṣùgbọ́n nǹkan tó ń yí kánkán lábẹ́ rẹ̀, bíi àgbá ẹ̀rọ ìránṣọ tàbí abẹ ẹ̀rọ àwọn káfíńtà, lè dà bí ohun tó dúró sójú kan tàbí tó ń yí sẹ́yìn. Ọwọ́ ti ṣe bẹ́ẹ̀ kó sí ẹ̀rọ rí. Ẹ má sì rò pé gbogbo LED ló bọ́ nínú èyí. Àwọn yẹpẹrẹ inú rẹ̀ náà ń kọ mànà. Ọ̀nà kan wà láti mọ̀ ọ́n: ẹ ṣí kámẹ́rà fóònù yín, ẹ kọ ọ́ sí iná náà. Bí ẹ bá rí ìlà dúdú tó ń rìn kọjá lójú fóònù, ẹ fi í sílẹ̀ fún ọlọ́jà.

Nígbà tí iná bá wá lọ pátápátá, tí a bá tan jẹnẹrétọ̀, 288 wáàtì LED ò dà bí 720 néon. Jẹnẹrétọ̀ kékeré lè gbé e, pẹ̀lú fáànù àti gbohùngbohùn, epo á sì pẹ́.

Àwa náà jìn sí kòtò

Ó yẹ ká jẹ́wọ́ nǹkan kan. Ní ọdún méjì sẹ́yìn, àwa tí a ń ṣe ìwé ìròyìn yìí ra LED mẹ́wàá fún yàrá tí a ti ń ṣiṣẹ́, 1,000 fráǹkì lọ́kọ̀ọ̀kan. Inú wa dùn, a ní a ti rí ọjà. Oṣù kẹrin ò tíì pé tí mẹ́fà nínú rẹ̀ fi kú. Méjì nínú àwọn tó kù ń ṣẹ́jú bí ìràwọ̀. Àwọn tó ń pariwo ní ìpàdé pé "ayédèrú ni LED" ò parọ́ rárá. Wọ́n ti rà á, ó sì ti kú mọ́ wọn lọ́wọ́. Ẹni tó bá jìn sí kòtò kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n, nítorí náà ẹ gba ọgbọ́n yìí lọ́wọ́ wa.

Hóró tó ń tàn kọ́ ló sábà máa ń kú nínú LED. Ohun tó ń kú ni ẹ̀rọ kékeré tó wà lẹ́yìn rẹ̀, èyí tó ń tún iná ṣe kó tó dé ọ̀dọ̀ hóró. Ibẹ̀ ni àwọn tó ń ṣe yẹpẹrẹ ti ń jí owó. Wọ́n á fi ohun tí ò lè gba ooru sí i. Bí iná bá lọ tó sì padà dé pẹ̀lú agbára, ó ti parí. Ìyẹn ni LED tí páálí rẹ̀ ní yóò lo 25,000 wákàtí ò fi ń lo 1,000. Néon ní tirẹ̀, bí starter bá kú, ẹ ra òmíràn, iṣẹ́ dé. Àwọn oníṣẹ́ iná wa nífẹ̀ẹ́ néon nítorí ìyẹn, a ò bá wọn jà. Òótọ́ ni wọ́n sọ pé ohun tó ṣeé tún ṣe ní iyì.

Ìdáhùn wa ni pé ká ra ojúlówó, kì í ṣe ká padà sí néon. Ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á. Ohun tí ẹ máa wò nìyí:

Ẹ wo páálí. Kí wọ́n kọ wáàtì sí i, kí wọ́n kọ lm sí i pẹ̀lú. lm ni ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀. Ẹ fi wáàtì pín in. LED 18 wáàtì tó dáa yóò ní 1,800 lm tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èyí tí wọn ò kọ lm sí rárá, ó ní ohun tó ń fi pamọ́.

Ẹ gbé e wò. Èyí tó fúyẹ́ bí ìyẹ́ ò ní ohun tó máa gbé ooru kúrò lára rẹ̀.

Ẹ bèèrè ìwé garantie ọdún méjì, pẹ̀lú òǹtẹ̀ ṣọ́ọ̀bù. Ẹni tó ń tà á lórí ilẹ̀ lónìí, ẹ lè má rí i lọ́la.

Ẹ ra méjì péré kọ́kọ́. Ẹ tàn án fún oṣù kan kí ẹ tó ra èyí tó kù.

Àwọn mínísítà UEMOA ti ṣe ìlànà ní 2020 pé kí gílóòbù ní àmì tó ń fi hàn bó ṣe ń jẹ iná sí. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n títí àmì yẹn yóò fi kún ọjà Assiyéyé, ojú oníbàárà ni kọ́sítọ́ọ̀mù.

Ọ̀rọ̀ kan tún kù fún oníṣẹ́ iná. Bí wọ́n bá fẹ́ fi LED sínú réglette àtijọ́, kí wọ́n wo irú LED tó jẹ́. Òmíràn wà tó ní starter tirẹ̀ nínú páálí, òmíràn sì wà tí wọ́n gbọ́dọ̀ yọ ballast kúrò kí wọ́n fa wáyà tààrà sí i. Èyí tí wọ́n bá fa wáyà rẹ̀ tààrà, kí wọ́n kọ "LED NÌKAN" sára réglette náà, kí ẹlòmíràn má lọ fi néon síbẹ̀ lọ́la kó sì dá iná sílẹ̀.

Kí ló dé tí wọ́n ń tú u?

Ẹ jẹ́ ká bi ara wa léèrè: néon tó ṣì ń tàn, kí ló dé tí ilé iṣẹ́ ní Faransé fi ń tú u? Owó iná wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n òfin náà wà níbẹ̀. Láti oṣù kẹjọ ọdún 2023, Ẹgbẹ́ Yúróòpù kò gbà kí wọ́n kó néon tuntun ti irú tó wà ní gbọ̀ngàn wa wọ ọjà wọn mọ́. Mẹ́kúrì inú rẹ̀ ló fà á. Èyí tó bá sì ti kú tàbí tí wọ́n tú kúrò, òfin ò gbà kí wọ́n jù ú sí pàǹtírí. Ibi tí wọ́n ti ń tú mẹ́kúrì inú rẹ̀ jáde wà, ibẹ̀ ni wọ́n ń kó o lọ.

Gbogbo ayé náà ti fọwọ́ sí i. Àdéhùn kan wà lórí mẹ́kúrì tí wọ́n ń pè ní Minamata, orúkọ ìlú kan ní Japan tí mẹ́kúrì ilé iṣẹ́ ti wọ inú ẹja, ẹja wọ inú ènìyàn, tí ọ̀pọ̀ kú tí ọmọ sì ń bí ní aláàbọ̀ ara. Àdéhùn náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kẹjọ ọdún 2017, Tógò sì wà nínú rẹ̀. Nígbà tí àwọn orílẹ̀-èdè pàdé ní Geneva ní 2023, wọ́n fẹnu kò pé tó bá fi máa di òpin 2027, kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ ṣe néon gígùn mọ́, kó kó o wọlé tàbí kó kó o jáde. Gílóòbù économique kéékèèké ti ṣáájú rẹ̀, 2025 ni ti ọ̀pọ̀ nínú wọn.

Ẹ mọ ẹni tó gbé àbá yẹn wá? Àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà ni. Wọ́n ti rí i pé bí àwọn olówó bá fòfin de nǹkan nílé wọn, ọ̀dọ̀ wa ni èyí tó ṣẹ́kù máa ń gbà. Bí a bá wá fi owó ẹgbẹ́ kó néon wọlé lónìí, a ń fi ọwọ́ ara wa tú ohun tí àwọn aṣojú Áfíríkà jà fún. Kó tó ọdún mélòó kan, kò ní sí néon tuntun tí a máa fi rọ́pò èyí tó bá kú nínú 60 réglette yẹn. Ilé tí a mọ̀ pé wọ́n máa wó, ta ló ń lẹ òrùlé tuntun sí i?

Agoè ti ṣe ààtàn rí

A dé ibi tó dùn wá jù. Ẹ̀yin tó ti pẹ́ ní Agoè ò nílò ká sọ ìtàn fún yín. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, Agoè-Nyivé ni gbogbo Lomé ń da ilẹ̀ wọn sí, nínú ihò ńlá tí wọ́n ti gbẹ́ yẹ̀pẹ̀ pupa. Èéfín rẹ̀ la fi ń jí, òórùn rẹ̀ la fi ń sùn. Ọdún 2018 ni wọ́n ṣí ibi tuntun ní Aképé, tí wọ́n wá ti ti Agoè pa. A ò gbàgbé. Ìlú tó ti gbé ààtàn ìlú mìíràn sẹ́yìn rí ò gbọdọ̀ tún fi owó ara rẹ̀ ra ilẹ̀ ẹlòmíràn.

Néon kan ní mẹ́kúrì mílígíráàmù mélòó kan péré. Kò pọ̀, a ò sì fẹ́ dẹ́rù bà yín. Ẹni tó jókòó lábẹ́ néon tí ò fọ́ kò ní nǹkan kan tó ń ṣe é. Ìgbà tó bá fọ́ ni ọ̀rọ̀ wà. Ta ni kò tíì rí àwọn ọmọ tó ń fi néon tó ti kú jagun bí idà, tí wọ́n ń fọ́ ọ mọ́ ògiri kí wọ́n lè gbọ́ bó ṣe ń dún gbàù? Atẹ́gùn mẹ́kúrì tó jáde níbẹ̀, imú ọmọ yẹn ló gbà á. Mẹ́kúrì sì ń ba ọpọlọ àti kídìnrín jẹ́, ọmọdé àti aboyún ló ń ṣe jù. Ká wá ní 200 tó ti lo apá kan nínú ayé wọn. Láàárín ọdún mélòó kan, gbogbo wọn á kú, gbogbo wọn á lọ sí ẹ̀yìnkùlé, ojú gọ́tà àti ibi tí a ti ń sun ilẹ̀.

Àwọn àgbà rántí Koko. Ní 1988, ní ìlú ebúté kan ní Nàìjíríà, ní ìpínlẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Bendel nígbà náà, wọ́n rí ẹgbẹẹgbẹ̀rún àgbá ìdọ̀tí olóró tí wọ́n kó wá láti Ítálì. Àgbàlá ẹnì kan ni wọ́n kó o sí, owó táṣẹ́rẹ́ ni wọ́n ń san fún un lóṣooṣù, kò sì mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. A ò sọ pé ẹ̀bùn ọmọ wa àti Koko jẹ́ ọ̀kan náà. Ó jìnnà síra wọn. Ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo la fẹ́ mú níbẹ̀: ohun tí wọ́n bá kó wá bá wa ní olówó pọ́ọ́kú, ká kọ́kọ́ bèèrè ohun tí yóò ná ẹni tó ń kó o bọ̀ bó bá fi í sílẹ̀ lọ́dọ̀ tirẹ̀.

Ohun tí a ń bẹ̀bẹ̀ fún

Àkọ́kọ́, kí ìpàdé tó ń bọ̀ dìbò lórí ọ̀rọ̀ yìí ní gbangba. Kí wọ́n kọ lẹ́tà sí ọmọ wa, kí wọ́n sọ òótọ́ fún un. Bó bá ṣì fẹ́ ran ẹgbẹ́ lọ́wọ́, kó bá wa wá ojúlówó LED tuntun mélòó kan tàbí kó fi owó kún ti kíláàsì àwọn ọmọ.

Ìkejì, kí akápò ra LED 16 bí a ṣe ṣàlàyé rẹ̀, kí wọ́n sì máa lẹ tíkẹ́ẹ̀tì Cash Power oṣooṣù mọ́ ara ògiri gbọ̀ngàn, ti ṣáájú àti ti ẹ̀yìn. Bí owó iná ò bá dínkù, ẹ mú àwa tí a kọ èyí.

Ìkẹta, néon 16 tí a bá tú, kí ẹnikẹ́ni má fọ́ ọ, kí ẹnikẹ́ni má sun ún. Kí a fi páálí dì í, kí a tò ó sí yàrá ẹ̀yìn tí ọmọdé ò lè dé. Bí ọ̀kan bá ṣèèṣì fọ́, ẹ ṣí fèrèsé, ẹ jáde fún ìṣẹ́jú 15. Ẹ má fi ìgbálẹ̀ gbá a, torí ńṣe ni ìgbálẹ̀ máa tan mẹ́kúrì ká. Páálí ni kí ẹ fi kó o, kí ẹ wá fi aṣọ tútù nu ilẹ̀. Ẹ dì í sínú ike tó ní ìdérí.

Ìkẹrin jẹ́ ti ẹ̀yin olóyè wa. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. A bẹ̀ yín kí ẹ bá àwọn onílẹ̀ àti CDQ sọ̀rọ̀, kí ẹ jọ lọ sí mairie Agoè-Nyivé 1. Láti 2019 ni a ti ń dìbò yan àwọn tó ń jókòó níbẹ̀, a sì tún ṣe é ní oṣù keje ọdún 2025. Nígbà ìpolongo, ta ni kò sọ̀rọ̀ iná ojú pópó fún wa? Ẹ bèèrè nǹkan méjì péré lọ́wọ́ wọn: ibi kan tí gbogbo ilé lè kó néon àti gílóòbù économique tó kú sí, àti ọjọ́ tí wọ́n máa tún iná olóòrùn tó ti kú lójú pópó ṣe. Iná LED tó wà lórí òpó wọ̀nyẹn ò sábà kú. Bátìrì rẹ̀ ló ń kú, tàbí eruku bo gíláàsì tó ń gba oòrùn. Kí àwọn ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ rìn yí àdúgbò ká lálẹ́ ọjọ́ kan, kí wọ́n kọ òpó tí ò tàn sílẹ̀, òpópónà kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá mú ìwé lọ síwájú mairie, wọn kì í lè sọ fún un pé àwọn ò gbọ́.

Ìkarùn-ún, ẹ̀yin ìyá wa ní Assiyéyé, ẹ má dá rà á. Ẹ kó ara yín jọ ní ẹgbẹ́ ẹgbẹ́, kí ẹ rà á pọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù kan tó máa fún yín ní garantie. Ẹni tó ń ra ogójì, ọlọ́jà á bọ̀wọ̀ fún un ju ẹni tó ń ra ẹyọ kan lọ.

Ní tiwa, a mọ̀ pé àwọn kan á ní ọ̀rọ̀ iná lásán ni, kí ló kàn wá nínú òṣèlú rẹ̀. Bí a bá jókòó pinnu ohun tó ń wọ ilé wa, ẹni tó ń sanwó rẹ̀ àti ibi tí yóò sùn nígbà tó bá kú, òṣèlú náà ni à ń ṣe yẹn. Ẹ wá sí ìpàdé. Ẹni tí èrò rẹ̀ bá yàtọ̀ sí tiwa, kó wá sọ ọ́, a ó fetí sí i, a ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde níbí.

Ire o.